Àlejò Pàtàkì Tí Kò Fèsì Sí Ìwé Ìpè

Ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ọmọbìnrin mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣègbéyàwó. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ ni ó fi kún un pé etí adágún Kawaguchi, ní Japan, ni àwọn ti fẹ́ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé ará Japan ni àna wa ni. Rárá o, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Odò Ògùn sì ń ṣàn níbẹ̀, Àpáta Olúmọ kò sì sá fún àlejò rí.

“Dádì, ẹ ò mọ Òkè Fuji ni?”

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Gíga rẹ̀ tó mítà 3,776, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún ayé láti 2013, adágún márùn-ún ló tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀, Kawaguchi sì wà lára wọn. Èmi ò bá òkè jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òun ni àlejò pàtàkì tí gbogbo wa ń tìtorí ẹ̀ náwó, òun nìkan sì ni kò ṣèlérí fẹ́nikẹ́ni pé òun á yọjú.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwa tó kù. Nítorí físà, mo ní láti kọ ohun tí n ó máa ṣe lójoojúmọ́ lọ́hùn-ún sínú fọ́ọ̀mù, èmi tí mi ò tíì mọ ohun tí n ó ṣe lọ́sàn-án òní! Orúkọ àwọn àlejò gbọ́dọ̀ ti pé tipẹ́, kálukú pẹ̀lú àga tirẹ̀. Bíi wákàtí méjì àbọ̀ ni àpèjẹ, wọ́n ti parí. Nílé wa, onílù ò tíì fa awọ ìlù rẹ̀ le nígbà yẹn. Kí mogbọ́-moyà jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀.

Wọn kì í sì í náwó mọ́ni lórí ijó níbẹ̀. Inú àpò ìwé tí wọ́n fi okùn aláràbarà dì ni owó ń gbé, owó tuntun tí kò ká. 30,000 yẹ́ẹ̀nì ló wọ́pọ̀. Wọ́n máa ń ṣọ́ra fún 20,000, torí ó ṣeé pín sí méjì, kí tọkọtaya má baà pín. Ẹ sọ ìyẹn fún àwa tí a ń jó tọrọ kọ́bọ̀ nítorí Ìbejì!

Obìnrin tó ń bá wọn ṣètò pè wá lórí fídíò. Ó tẹríba, ó fi ìwé ètò hàn wá. 11:20, bàbá ìyàwó á dìde. 11:22, bàbá ìyàwó á mú ìyàwó wọlé. Mo ní, àdúrà mi ńkọ́? Ó wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ọbẹ̀. Mo ní, tí ìkùukùu bá bo òkè ńkọ́? Ó tún tẹríba, ó bẹ̀ mí lórúkọ òkè náà. Ó ní ìgbà òtútù, láàárọ̀ kùtù, ló máa ń hàn jù. Ìgbà ooru ló máa ń fara pamọ́ jù. Oṣù Keje sì ni ọmọ mi mú, nítorí òdòdó lavender tó ń tàn ní etí adágún lásìkò náà! Òkè ni wọ́n yà sí ojú ìwé kìíní àdéhùn wa. Ojú ìwé ìkẹyìn ni wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé ojú ọjọ́ kò sí lọ́wọ́ àwọn.

Mo rí ibi tí a ti lè dínwó. Ọjọ́ kan wà nínú kàlẹ́ńdà wọn tó ń jẹ́ butsumetsu, ọjọ́ tí kò dáa fún ìnáwó, àwọn ilé àpèjẹ kan a sì máa gba owó tó kéré lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n mú un kíá. Ìyá ìyàwó ní, ọjọ́ tí onílẹ̀ ń sá fún, ṣé ọmọ tòun ló máa lọ pàdé ẹ̀?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ayẹyẹ etí adágún yẹn kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin Japan. Ìwé tí tọkọtaya bá fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú ni òfin mọ̀. Torí náà, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn tiwa á ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Kí la wá ń bá lọ? Fọ́tò! A ó tún lọ ya òmíràn nídìí pagoda Chureito, ní Fujiyoshida, lẹ́yìn àtẹ̀gùn 398. Ẹnikẹ́ni kò bi orúnkún ìyá ìyàwó léèrè. Fọ́tò òkè yìí ti sú àwọn ará Fujikawaguchiko, ìlú etí adágún wa yìí, gan-an débi pé, ní 2024, wọ́n ta àwọ̀n dúdú gàgàrà sí ìkọjú ṣọ́ọ̀bù kan, kí àwọn àlejò tó ń dí ọ̀nà má baà rí òkè yà mọ́. Ará ìlú náwó kí àlejò má baà rí i. Èmi ń náwó kí n lè rí i.

Ó dáa. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá alága ìjókòó tó lè rí físà gbà. Ẹbí ọkọ tó bá pẹ́ dé ibi ìdána, ṣebí alága a bu owó ìtanràn lé wọn kí wọ́n tó wọlé? Tó bá di 11:22 tí òkè kò tíì yọjú, kí alága pè é lórúkọ, kó dá a lówó. Kó má sì jẹ́ 30,000 o. Èyí tó ṣeé pín sí méjì ni mo fẹ́: kí èmi mú ìdajì, kí ìyá ìyàwó fi ìdajì wo orúnkún.