Fóònù Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n mọ ilé tí wọ́n ń sọ. Wọ́n á wò ó bóyá ilé adé ni, àbí ti ọlọ́nà, àbí ti ọdẹ, àbí ti babaláwo. Wọ́n á tún bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ wà nínú oyún: ṣé bàbá àgbà kú ni, ṣé ìyá wà ní ìdálẹ̀ ni, ṣé gbèsè ọdún pípẹ́ ló tán, ṣé àwọn tó ṣáájú ọmọ yìí ni kò dúró? Ìdáhùn wọn ló ń di orúkọ. Ìdí rèé tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi kún fún Adé, Ọ̀nà, Odù àti Ṣó, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ti dárúkọ báyìí, ará ilé á ti mọ agbo tó ti wá. A ò kúkú gbàgbé òwe náà lónìí. Ilé la pààrọ̀. Ilé tí à ń wò báyìí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iná ń tàn lójú rẹ̀, ojoojúmọ́ la sì ń ṣáàjì rẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Òde-Omi lápá òkun ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjáh. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní obìnrin ni. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú ọkọ. Ẹ má rò pé owó ilé ìwòsàn ló ń kó o láyà sókè o. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni. Èṣù ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ lórí ìyókù, torí ọ̀rẹ́ ṣì ni wá.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá mi wá orúkọ obìnrin kan tó lè jókòó ti Èṣù tí kò ní í fò dìde."

Mo ní kó sọ ọ́ ní Fúnmiláyọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ní kí òun máa gun ẹṣin lọ síbi iṣẹ́. Ó ní orúkọ àwọn ìyá wa nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti to orúkọ jọ sínú fóònù, Heaven ló wà lókè pátápátá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe méjèèjì pọ̀ sókè kí etí gbọ́ ọ: Heaven, kí Èṣù tẹ̀ lé e. Ọ̀run lápá ọ̀tún, Èṣù lápá òsì, ọmọ ọwọ́ láàárín. Wọ́n yọ Heaven kúrò nínú ìwé. Wọ́n ní Blossom ńkọ́? Mo ní Blossom kò burú, kí wọ́n ṣáà máa dúpẹ́ pé wọn kì í ṣe ará ilé Kòsọ́kọ́. Ọba Èkó tó jẹ́ Kòsọ́kọ́, tó gorí oyè ní 1845, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní 1851 tó fi wá forí pamọ́ sí Ẹ̀pẹ́ lójú ọ̀sà wa níhìn-ín, orúkọ àbíkú ló ń jẹ́: kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀ fún un, kó yáa dúró. Ẹni tó bá wá ń jẹ́ Blossom Kòsọ́kọ́, kí ló fẹ́ fi ro ìdí òdòdó náà?

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó mọ ohun tó ń fẹ́ ni. Ó ní orúkọ náà gbọ́dọ̀ rọrùn lẹ́nu òyìnbó, torí ọmọ òun kò ní í pẹ́ rìnrìn àjò. (A ò tíì bí i, a ti gba físà fún un.) Ó ní kí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe lọ pàdé ara wọn kó di èébú lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tí ẹlòmíràn ti gbà lórí Instagram. Ọlábísí tí ìyá tirẹ̀ gan-an dábàá, ohun kan tí wọ́n fi ń yẹ orúkọ wò nínú fóònù ló ní kì í ṣe ti obìnrin, pé òun ti rí ọkùnrin tó ń jẹ́ ẹ. Ó rí i lóòótọ́. Olóyè Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 sí 1983. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é láti 2001. Àwọn Bísí tó ń wọ síkáàfù kọjá ní géètì ibẹ̀ láràárọ̀ kò lóǹkà, mi ò sì tíì gbọ́ pé wọ́n dá ọ̀kan padà pé kó lọ wá orúkọ obìnrin jẹ́ wá.

Ibi tí gbogbo àyẹ̀wò náà parí sí ni orúkọ kan láti ilẹ̀ Ireland: Niamh. Wọ́n ní ó kúrú, ó mọ́, kò ní wàhálà.

Wọ́n fi fídíò pe màmá ọkọ ní Òde-Omi. Orí àpótí ni màmá jókòó sí, abọ́ ẹja wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń la ikùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kó wọn lọ sórí iná. Ẹnì kan bá a gbé fóònù dání.

"Màmá, a ti rí orúkọ ọmọ o. Nííf ni."

"Ìfun?" Màmá gbé ọ̀bẹ dúró. "Ìfun kí ni?"

"Rárá, Màmá. Nííf. Ẹ gbọ́ mi dáadáa."

Ìyá ní òun gbọ́. Ó ní àárọ̀ yìí lòun ti ń da ìfun nù, òun ò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi í sọmọ ní Èkó. Ọmọ rẹ̀ bá tẹ orúkọ náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, pé kó kà á fún Màmá. Tíṣà ka ohun tójú rẹ̀ rí: "Níámù." Ìyàwó gba fóònù, ó ní m àti h tó wà nídìí rẹ̀, wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀, bíi f ló ń dún. Tíṣà béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé láti ìgbà wo ni m ti ń dún bíi f, kí òun lè lọ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì òun. Bí orúkọ tó rọrùn ṣe pín ẹbí sí ọ̀nà méjì nìyẹn, ẹni tó ni ín ṣì wà nínú ìyá rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi nípa òyìnbó tí orúkọ wa há lọ́fun rí. Ní 1959, wọ́n bí ọmọ kan ní Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìyá rẹ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Helen Fọláṣadé Adú ni wọ́n sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi la ní kó yàn, Helen ló rọrùn. Nígbà tí àwo orin ọmọ náà, Diamond Life, jáde ní 1984, Ṣadé ni wọ́n kọ sára rẹ̀, Ṣadé ni gbogbo ayé sì ń pè títí dòní. Àwọn mìíràn kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n sanwó láti pè é.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ wo orúkọ ìdílé tó ń dá oorun mọ́ni lójú yìí. Ta ló sọ ọ́? Kò sí ìdílé kan tó jókòó yí abọ́ iyọ̀ àti oyin ká láti sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ kan ni wọ́n sọ: ní ọjọ́ kẹsàn-án bó bá jẹ́ ọkùnrin, ọjọ́ keje bó bá jẹ́ obìnrin, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ọmọ náà dàgbà, òun náà bímọ, wọ́n fa ìyẹn lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Tíṣà ṣí rẹ́jísítà, ó ní, "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?" Ohun tí ọmọ fi dáhùn ni wọ́n kọ tẹ̀ lé tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì dì sí. Bó bá jẹ́ pé ìnagijẹ bàbá ló bọ́ sí i lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìnagijẹ làwọn ọmọ-ọmọ ìbá máa gbé kiri nínú páásípọ́ọ̀tù. Ṣáájú rẹ́jísítà, "ọmọ Lágbájá" ti tó wa. Àwọn ará Iceland kò tíì kúrò níbẹ̀: Vigdís Finnbogadóttir, tí wọ́n dìbò yàn ní ààrẹ ní 1980, ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé ọmọbìnrin Finnbogi ni. Ẹnikẹ́ni kò retí kí ọmọ tirẹ̀ tún jẹ́ ọmọ Finnbogi.

Nítorí náà, bàbá ńlá ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ Èṣù-nǹkan, ọmọ ọwọ́ lòun náà nígbà kan, wọ́n sì wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́. Èṣù ni wọ́n ń bọ nínú ilé náà, wọ́n tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ dé. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé wọ́n máa tú Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, àti pé nígbà tí wọ́n bá ń wá orúkọ fún Sátánì, Èṣù tó dúró jẹ́ẹ́ ní oríta ni wọ́n máa fà wọ ibẹ̀.

Bí ojú bá wá ń tini, ilé ẹjọ́ wà, ìwé ìròyìn sì wà. Ẹ ṣí ojú ìwé ìkéde àyípadà orúkọ lọ́jọ́kọ́jọ́, ẹ máa rí bí Ifá ṣe ń di Olú, tí Ògún ń di Olúwa, tí Èṣù ń di Jésù. Mo fẹ́ràn ojú ìwé yẹn ju ti eré bọ́ọ̀lù lọ. Gbólóhùn tó ń parí rẹ̀ ni mo máa ń dúró dè: gbogbo ìwé ẹ̀rí àtẹ̀yìnwá ṣì wúlò. Èṣù ni a ò fẹ́ mọ́. Dìgírì tí a fi orúkọ Èṣù gbà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọba Èṣùgbayì Elékòó ti Èkó kò ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ìjọba òyìnbó yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ títí ẹjọ́ fi dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, ìgbìmọ̀ náà sì gbè é ní 1931. Ẹni tó bá kọ́ òfin ní Nàìjíríà, kò lè ṣe kó má ka ẹjọ́ Èṣùgbayì. Àwọn adájọ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ náà sínú ìdájọ́ wọn, gègé kò já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo làálàá yìí ni pé obìnrin ni ọmọ náà. Àwọn òbí rẹ̀ kan náà tó ń wá orúkọ tó bá ti ìdílé mu, wọ́n ti ń gbàdúrà ọkọ rere fún un látinú oyún. Ọjọ́ tí àdúrà náà bá gbà, ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló ń jẹ́ orúkọ ilé ọkọ. À ń rán bùbá ọmọ kó lè bá gèlè tó máa tú lọ́jọ́ ìgbéyàwó mu.

Ẹ wo obìnrin kan tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1900. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas lorúkọ rẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò fóònù tó máa rí àbùkù sí i, Frances bá Thomas mu rẹ́gí. Ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà dé ní 1922, Frances àti Abigail kò bá a dé. Ní 1925, ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà Ijebu Ode Grammar School nígbà náà, Thomas náà lọ. Ní àwọn ọdún 1970, Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní òun kò jẹ́ Ransome mọ́, Aníkúlápó lòun ń jẹ́, ìyá sì gbè é lẹ́yìn, ó di Aníkúlápó-Kútì. Orúkọ ìdílé mẹ́ta nìyẹn lọ́rùn obìnrin kan, láìka àwọn tó dà nù sójú ọ̀nà. Èyí tí wọ́n fún òun fúnra rẹ̀ nìkan ni kò kúrò, òun náà sì ni orúkọ tí ọ̀rẹ́ mi ní ó jẹ́ ti àwọn ìyá wa.

Mo sọ ìtàn náà fún un. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n àwọn ti san owó kéèkì.

Wọ́n bímọ, àlàáfíà ni. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Màmá wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ mọ́tò, ó dé Àjáh pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. NIAMH wà lára kéèkì, ó wà lára bánà, ó wà lára abọ́ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ pín fún àlejò. Ẹni tó ń darí ètò gbé makirofóònù, ó wo bánà, ó ní "Ní…", ó wúkọ́, ó ní kí àwọn òbí fúnra wọn wá sọ ọ́ kó lè dùn. Nígbà tí abọ́ omi dé, Màmá ju náírà sínú rẹ̀, ó ní Omítádé. Ìyá ìyàwó ju tirẹ̀, ó ní Ọlábísí, ó sì wo fóònù ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń wo orogún. Ẹ̀gbọ́n bàbá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní Adébùkọ́lá. Àwa yòókù náà kò káwọ́ gbera.

Àwọn abọ́ rọ́bà ṣẹ́kù, Màmá kó wọn lọ sílé. Wọ́n wúlò fún un gan-an ní Òde-Omi. Àwọn oníbàárà máa ń bi í pé kí ni wọ́n kọ sára wọn.

"Ìfun ni," Màmá á ní, á sì da ti ẹja tó ń là lọ́wọ́ sínú rẹ̀.