Oyè tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Plútò

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kọ́mọdé gbọ́. Ṣé ẹ rí ohun táwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fojú Plútò rí? Háà!

Ọdún 1930 ni Clyde Tombaugh, ọmọ àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà, rí i lójú ọ̀run. Ó joyè pílánẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án, ó lò ó fún ọdún 76, kò jalè, kò gbàyàwó oníyàwó. Àfi lọ́jọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 2006, ní ìlú Prague, lọ́jọ́ tí ìpàdé ń parí, tí ọ̀pọ̀ èrò ti kó ẹrù lọ ilé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 8,000, ènìyàn 424 péré ló jókòó dìbò. Káàdì aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n nà sókè, oyè ti bọ́. Aràrá ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ gbọ́ èébú! Tombaugh ti kú, ṣùgbọ́n opó rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Kí ló ṣe gan-an? Ó ń yípo òòrùn. Ó rí roboto. Wọ́n ní kò gbá òkúta kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ni. Mo lanu, n ò lè pa á dé. Àwa ará Ìdànrè ńkọ́? Òkúta lọ́tùn-ún, òkúta lósì, òkúta ń yọjú wo ọbẹ̀ mi láti fèrèsé ilé ìdáná. Láti ìgbà táwọn baba wa ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ta ló rí ẹyọ kan gbá? Ká má pe Ìdànrè ní ìlú mọ́ nìyẹn? Júpítà tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ pàápàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta ló ń bá a rìn lọ́nà kan náà. Ó sanra, kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀rọ̀ onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Mike Brown, ló tiẹ̀ dùn mí jù. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan tó ń jẹ́ Eris lójú ọ̀run ní 2005, wọ́n rò pé ó tóbi ju Plútò lọ, ni ìjà bá dé. Ọkùnrin yìí tún kọ̀wé, ó ń ṣakọ pé òun lòun pa Plútò. Ojú kò tì í!

Kí n má purọ́ ṣá, ẹnu tiwa náà ò mọ́. Nírọ̀lẹ́ àná, mo ń kó kòkó tí mo sá wọlé, Àgùàlà dúró ti oṣù lókè àpáta, ó ń dán yanran. Pílánẹ́ẹ̀tì gidi, tí ẹnikẹ́ni ò bá jiyàn. Ìyá ọkọ mi nàka sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó, wo ajá oṣù."

"Mo rí i, Màmá." Mo tẹrí ba, mo ń ká ẹní mi.