Ìjókòó Ẹ̀yìn Dà?

Títí di òní, bí àkùkọ bá kọ, ì báà jẹ́ nínú fíìmù, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi a máa wá bíréèkì. Kì í ṣe àìsàn. Ohun tójú mi rí lọ́nà Òṣogbo sí Iléṣà ní oṣù Kejìlá tó kọjá ló fà á. Ẹ jẹ́ kí èmi tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí rò ó fún yín, nítorí èyí tí wọ́n ń sọ kiri ní Ìjòká, ní Iléṣà, báyìí, wọ́n ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n sì ti fi mágí lé e.

Houston ni mò ń gbé, ní Texas, níbi tí ọkùnrin tí kò ní píkọ́ọ̀pù ti dà bí Ìjẹ̀ṣà tí kì í jẹ iyán. Nígbà tówó dé, Hilux ni mo bèèrè, irú èyí tí àwọn alága káńsù ń gùn nílé. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ wò mí bí ẹni tí mo ní kó ta ràkúnmí fún mi. Wọn kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà, adìyẹ ló sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Láyé ọjọ́un, àwọn ará Yúróòpù gbé owó ibodè gọbọi lé adìyẹ tí Amẹ́ríkà ń kó wá tà fún wọn. Inú bí Amẹ́ríkà, láti ọdún 1964 lòun náà sì ti ń gba ìdá 25 nínú 100 lórí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tó bá ti òkèèrè wọlé. Ìjà adìyẹ tán, owó ibodè kò tán. Tacoma, tí Toyota gbé jáde fún wọn ní 1995, ni mo rà. Ẹ fi adìyẹ yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a pàdé.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni mò ń ṣe, irinṣẹ́ mi sì pọ̀. Ohun tí mo bá kó sẹ́yìn ọkọ̀ ní gbangba, òjò á pa á tàbí kí olè gbé e. Ìjókòó ẹ̀yìn ńkọ́? Ọdún méje gbáko, kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀. Àpò ìrẹsì nìkan ni mo ti dè ní bẹ́líìtì níbẹ̀ rí, kó má baà ṣubú. Ló bá di Sátidé kan, mo fa sípánà fọ́tíìnì yọ, mo tú nọ́ọ̀tì, mo gbé ìjókòó náà sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e ti ògiri ilé ọkọ̀ mi. Mo ra pákó pẹlẹbẹ, mo wọ̀n ọ́n, mo gé e, mo kan àpótí tó ní ìdérí, mo sì fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí. Ó rẹwà. Jáàkì ọkọ̀ wà nínú ihò rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ìjókòó wà tẹ́lẹ̀. Mo rí i. Mo ní, "Ibẹ̀ yẹn náà ló dáa sí." Mo kan pákó lé e lórí.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ mìíràn, mo fi èyí ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n lè máa fi kó iṣu láti oko ìyá mi. Èbúté Tin Can ló gbà wọlé ní Èkó. Láti ọjọ́ tí èmi náà ti wálé bá a ní Òṣogbo, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń bi mí. Mẹkáníìkì bi mí, ọmọ tó ń ta omi bi mí, àlejò tó wá kí mi káàbọ̀ kò tíì jókòó tó fi bi mí: "Bọ̀dá, ìjókòó ẹ̀yìn dà?" Bí mo bá ní mo yọ ọ́ ni, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́? Kì í ṣe pé wọ́n jí i?"

Ọjọ́ ìdáná àbúrò mi kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọmọ Iléṣà ló fẹ́ fi ṣaya. Ìrìn ọ̀hún kò yẹ kó gbà wá ju wákàtí kan lọ. Bọ́ọ̀sì tí a háyà ti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ, ẹrù ìdáná kù sí mi lọ́wọ́. Inú mi dùn, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti máa yin àpótí mi. Iṣu 42 wọlé, obì wọlé, orógbó wọlé, iyọ̀ àti oyin wọlé, ìdérí sì pa dé. Kẹ́ẹ̀gì epo lọ sẹ́yìn gbangba. Bí mo ṣe ní kí n ṣíná ni mo rí Bàbá Àgbà pẹ̀lú àwọn ìyá mẹ́ta, gèlè wọn gbé ṣánmà, wọ́n ń bọ̀.

Bàbá Àgbà wọ iwájú. Mo yíjú sí àwọn ìyá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, àpótí ló wà lẹ́yìn o, kì í ṣe ìjókòó."

Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ Ìjòká, wò mí tìyanutìyanu. "Àkànní, kí ni wọ́n ń fi àpótí ṣe nílé ìyá ẹ? Orí kí ni mo jókòó lé tí mo fi rokà tó o jẹ tó o fi dàgbà? Ṣílẹ̀kùn."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ní Houston mo ti gbàgbé pé nínú èdè wa, àpótí tí à ń kó ẹrù sí àti àpótí tí à ń jókòó lé, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n gòkè. Gèlè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan àjà, wọ́n tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kí ọba.

A ti fi Òṣogbo sílẹ̀ dáadáa nígbà tí àkùkọ kọ. Bàbá Àgbà ní, "Fóònù ta nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kọ. Mo wo fóònù mi, kì í ṣe òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn náà ti ń di ohùn ẹni tí èémí ń tán lọ fún. Màmá Àgbà wúkọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ló pọ̀ lẹ́yìn níta ni mo ṣe kó wọn sínú àpótí. Méjì péré ni, mo fẹ́ fún àwọn ènìyàn mi ní Ìjòká." Mo tẹ bíréèkì. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ni mo gbọ́ "gbòà!" lábẹ́ ọkọ̀. Táyà ẹ̀yìn fọ́.

Bàbá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ tí àgbà máa ń sọ: "Kò burú. Gbé jáàkì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ọ̀rọ̀ yìí débí, ẹ mọ ibi tí jáàkì wà. Mo dákẹ́. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo ní, "Ó wà lábẹ́ àwọn màmá, sà."

Àwọn ìyá sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gba èyí mú lọ́wọ́, mo ń gba tọ̀hún mú ní gèlè. Mo ṣí ìdérí. Àkùkọ méjèèjì fò jáde bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, wọ́n gba orí agbádá mi kọjá, wọ́n sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. "Àkùkọ mi!" ni Màmá Àgbà ké, ni mo bá ká agbádá mọ́ra, mo sáré tẹ̀ lé wọn. Adìyẹ tó lé Hilux kúrò ní Amẹ́ríkà ti wá bá mi délé. Mo mú ọ̀kan. Èkejì, bí kò bá tíì di ọbẹ̀, á ti di baálẹ̀ abúlé yẹn.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti to iṣu sí etí títì bí ẹni tó ń tajà ní Àtàkúmọ̀sà. Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ ti dúró, ó ń bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Àpótí ṣófo, ṣùgbọ́n ìdèkù ló mú pákó ìsàlẹ̀, ohun tí mo sì máa fi tú u wà nínú ọkọ̀ mi kejì, ní Houston. Micra kan ló ràn wá lọ́wọ́, ènìyàn méje ló wà nínú rẹ̀, jáàkì wọn sì wà. Bí awakọ̀ náà ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè, ó yọjú wo inú, ó ní, "Ọkọ̀ ńlá báyìí, ẹ̀yin ò ní jáàkì, ẹ ò tún ní ìjókòó. Kí lẹ wá ní gan-an?"

A pẹ́ débẹ̀ ní wákàtí méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹbí ọkọ tó bá pẹ́ débi ìdáná, owó ló máa fi wọlé. Alága ìjókòó gba owó ìpẹ́dé, ó gba owó ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà rí oúnjẹ jẹ. Ó di ẹ̀rọ ohùn mú, ó ní, "Èmi ni alága ìjókòó. Ẹ̀yin ẹbí ọkọ, ìjókòó tiyín dà?" Onílù gbà á. Láti ìgbà yẹn títí wọ́n fi gé kéèkì, bí ìlù bá ti dún, ìjókòó mi ni. Nígbà tí wọ́n ka iṣu, ó jẹ́ 41. Bàbá kan nínú ẹbí ìyàwó dìde, ó ká ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó síwájú mi, ó ní òṣómàáló làwọn bàbá òun, òun ò ní dìde títí owó iṣu kan á fi pé. Gbogbo ilé ń pariwo. Mo sanwó.

Mo rẹ́rìn-ín fún ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín fún ìkejì. Nígbà tó di ìkarùn-ún, inú ti ń bí mi. Ta ló sọ fún wọn pé àfojúdi ni mo fi yọ ìjókòó? Lọ́hùn-ún, wọ́n ń yọ ìjókòó kí ẹrù lè ráyè. Àwa níbí, ọkọ̀ ẹrù la fi ń ṣe ọkọ̀ èrò: láyé àtijọ́, a kan pákó sórí Bedford, a to bẹ́ǹṣì sí i, ó di bọ́lẹ̀kájà, bí ọkọ̀ bá sì kún, a fi pákó àtáàṣì sí àárín. Ìyàtọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì rí ohun tí wọ́n fi ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Alẹ́ ni a padà. Àwọn ìyá mẹ́ta wà lórí àpótí, ọmọ méjì tí mi ò mọ ìyá wọn ti kún wọn, kúlà ìrẹsì wà láàárín. Ọmọ kan sùn lé ejìká Màmá Àgbà, Màmá náà sùn lé gèlè ara rẹ̀. Mo wo dígí òkè orí mi. Ọdún méje ni mo fi wo dígí yẹn ní Houston, títì nìkan ni mo máa ń rí nínú rẹ̀. Mo rọra wakọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń rọra ni.

Lọ́jọ́ kẹta, káfíńtà kan ní Òkè-Fìà yọ jáàkì jáde, ó fi fóòmù sórí àpótí, ó sì fi awọ pupa bò ó. Ó gba ènìyàn mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sílé, bí ẹ bá ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn, mi ò dá yín lẹ́bi. Ẹ ṣáà gbé e sínú ọkọ̀, kí ó bá ọkọ̀ wálé. Èrò wà nílẹ̀.