Bàbá Mi Ìbá Fẹ́ Bẹ́ẹ̀

Irú ọkùnrin kan wà ní Ìlú Ọba tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá sin bàbá rẹ̀ ló máa ń di oníṣẹ́ irin. Ṣáájú ọjọ́ náà, bí iná ilé rẹ̀ bá kú, ó máa pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Wọ́n gun orí àjà lọ wo ohun tí bàbá fi sílẹ̀, wọ́n bá páálí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kan, Hornby Dublo, tí wọ́n rà fún bàbá nígbà tó wà lọ́mọdé. Ojú irin rẹ̀ pé, tiráńsífọ́mà rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé ìlànà rẹ̀ kò tíì ya. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkùnrin wa ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé òun máa tún un ṣe.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ. Frank Hornby, ará Liverpool tó gba ìwé àṣẹ ní 1901 lórí Meccano, àwọn irin pẹlẹbẹ tí ọmọdé ń tò pọ̀ fi ṣeré, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí ní 1920. Ó kú ní 1936. Ní 1938 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Binns Road gbé Dublo jáde: ọkọ̀ kékeré tó lè sá eré lórí tábìlì, tó ń lo iná fólítì 12, tó ń rìn lórí irin mẹ́ta. Lẹ́yìn ogun ni ọjà rẹ̀ tó yá gágá. Orí ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Duchess of Montrose, aláwọ̀ ewéko, jáde ní 1953, ó sì wúwo lọ́wọ́ nítorí pé irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àpẹẹrẹ ni ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì lè rìn títí dòní. Kí wọ́n fi aṣọ nu eruku, kí wọ́n fọ ẹ̀gbin ojú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kán epo díẹ̀ sí ibi tí ìwé ìlànà sọ, ó tán.

Bó ṣe tán yẹn gan-an ló ń bí ọkùnrin wa nínú. Kí ló fẹ́ wá máa sọ fún èèyàn pé òun ṣe?

Gbólóhùn kan ló ní, kò ní méjì: "Bàbá mi ìbá fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó mú kànrìnkàn onírin tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ha ìkòkò, ó fi ha ojú irin títí ó fi ń kọ mànà. Bàbá mi ìbá fẹ́ kó mọ́. Kò mọ̀ pé òòfà wà nínú ẹ́ńjìnnì, pé òòfà náà yóò sì fa gbogbo irun irin tó já sílẹ̀ wọ inú ara rẹ̀. Ó tan iná, òórùn jíjó gba ilé. Ó ní ẹ́ńjìnnì ló ti darúgbó. Ó tú u palẹ̀, bàbá mi ìbá fẹ́ kí n mọ inú rẹ̀. Òòfà àtijọ́ irú ìyẹn, bí èèyàn bá yọ ohun tó ń yí láàárín rẹ̀ láìfi irin míì dí ẹnu rẹ̀, agbára rẹ̀ ń dínkù ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì ní ẹnu yíyà. Nígbà tó tò ó padà, kò lè fa ara rẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí ọkọ̀ méjì tó yẹ kó máa wọ́ tẹ̀lé e. Ló bá gbé WD-40, ohun tí wọ́n pò ní California ní 1953 láti lé omi kúrò lára irin kó má baà dípẹtà. Ó fín in sí gbogbo ihò. Gírísì àtijọ́ yọ́ dànù, eruku sì rí ibi lẹ̀ mọ́.

Kò tíì kan ọ̀dà o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ̀ náà, ní apá òsì, ibì kan wà tí ọ̀dà ti họ, nítorí pé ọmọdé kan jẹ́ kó já bọ́ látorí tábìlì nígbà kan. Ọmọdé yẹn ni bàbá. Nínú gbogbo ilé yẹn, kò sí ohun míì tó fi hàn pé ọkùnrin náà ṣeré rí láyé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fi sáńpépà ha á dànù, ó wá fi ọ̀dà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ inú agolo fín in, ewéko tó ń dán bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Nọ́ńbà àti orúkọ ara rẹ̀ bá a lọ. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ha á, pẹ̀lú ọmọ ọmọ òkú tó jókòó tì í tó ń wo ohun tó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ti páálí, tí bàbá fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sí nídìí, ó ti kó o dà sí ilẹ̀ nítorí pé ó ń rùn.

Bàbá yìí pa nǹkan náà mọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ó fi bébà wé e, ó tò ó, kò kùn ún, kò ha á. Bí a bá ń wá ohun tí òkú fẹ́, ó ti sọ ọ́. Nígbà tó wà láyé, tó ń dá gbé, ẹ̀ẹ̀mélòó ni ọmọ yìí tẹ̀ ẹ́ láago láti bi í pé kí lẹ fẹ́? Ọ̀rọ̀ òkú dùn ún gbà nítorí pé kì í jiyàn. Ìwà àìnítìjú ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìyẹn tiẹ̀ sàn. Ẹni tó bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà gbàǹjo lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, tí gbogbo ẹbí ń bú, ó kéré tán, odindi ló tà á.

Àwọn míì wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹnì kan ra irinṣẹ́ tó tó ti alágbẹ̀dẹ wúrà, kò sì tíì tú ìdè kan ṣoṣo. Òmíràn jogún èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun, tí àrùn ti wọ ara rẹ̀: síǹkì tí òjé já sí nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, tó ń wú, tó ń là, títí yóò fi rún. Ẹni tó mọṣẹ́ á wò ó, á mi orí. Tiwa á fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, á kùn ún, á ní ó ti yè.

Ní báyìí, ọkùnrin wa ti gbọ́ pé Meccano bàbá àgbà wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin. Kí ó tó di 1926, Meccano kò ní ọ̀dà pupa àti ewéko. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń bo irin rẹ̀, ó ń dán bíi fàdákà. Ìwé inú páálí yìí sì ṣáájú ọdún náà. Ó ti ra agolo ọ̀dà méjì sílẹ̀, pupa kan, ewéko kan. Ìyá náà sọ fún un pé láti kékeré òun, funfun lòun mọ̀ ọ́n sí. Ó rọra dá a lóhùn pé ọjọ́ orí máa ń da nǹkan rú mọ́ èèyàn lójú, pé òun mọ bí bàbá àgbà ìbá ṣe fẹ́ ẹ.