Ẹ̀gẹ́ Kì Í Pariwo

Kò sí alágbàtà ní ọjà Bódìjà tí kò mọ 911 mi, ọkọ̀ oníbọ́dì igi tí mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti Ìròkò, Ìkereku àti àwọn abúlé ẹ̀yìn Moníyà. A ó di ẹrù títí á fi ga ju bó ti yẹ lọ, mọ́tò-bọ́ọ̀yì á sì sùn lórí ẹ̀ fọnfọn. Bí àpò kan bá já bọ́ ní Ojóò, ẹ̀rín la ó fi rín. Bí ẹ̀gẹ́ bá kán, gààrí náà la ṣáà fẹ́ fi ṣe. Mi ò rí ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gẹ́ lára rí, pé òun ń wá ibi tó ti ha.

Nígbà tí dísù wá di ọ̀wọ́n gógó, tí èrè ẹ̀gẹ́ kò ra táyà mọ́, ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ní ọ̀gá òun ń wá awakọ̀ fún ọkọ̀ gbọọrọ alájà méjì, èyí tó ń kó tokunbọ̀ láti èbúté Tin Can wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, ẹni tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ wa tirẹ̀ bọ̀ láti Kútọnu tẹ́lẹ̀, èbúté ló kù tó lè yà sí, àfi bó bá fẹ́ bá kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe eré àsápamọ́. Iṣẹ́ wà, owó náà sì dáa. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní ta ni kò mọ̀ ọ́n ṣe? Ṣebí ẹrù lẹrù ń jẹ́.

Ní Tin Can, mo wa jíìpù kan gun àjà òkè fúnra mi, mo sì wà á dáadáa. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni ìlẹ̀kùn lọ gbá irin òpó ọkọ̀, kò ṣí ju ibi tí ọwọ́ lè gbà lọ. Wọ́n ní ojú fèrèsé ni àwọn oníṣẹ́ ń gbà jáde. Àwọn wo? Àwọn ọmọ tín-ín-rín wọ̀nyẹn ni. Èmi tí mo ti ń jẹ àmàlà n'Íbàdàn láti kékeré, orí mi jáde, èjìká mi jáde, ó wá ku ikùn. Mọ́tò-bọ́ọ̀yì mi ń pariwo nísàlẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ mí sínú!" Mo mí sínú títí ojú mi fi pọ́n. Àwọn ọmọ èbúté ti yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Nígbẹ̀yìn, mo fà padà sínú, mo rápálá gba orí àga ẹ̀yìn, mo sì gba búùtù jáde.

Ó wá kan dídè. Ẹrù oko, orí ẹ̀ lokùn ń gbà, kéèyàn sì fà á títí ẹrù á fi kérora. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fún jíìpù náà: mo gbé okùn gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fẹsẹ̀ ti irin, mo fà á. Táyà ni wọ́n ń fi bẹ́líìtì dè mọ́ pèpéle. Wọn kì í jẹ́ kí nǹkan kan kan ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, torí mo ti ní mo mọ̀ ọ́n ṣe. Láti Bérger dé Toll Gate, atẹ́gùn ń gbọn okùn yẹn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tá a fi wọ Ìbàdàn, jíìpù ti kọ àbàjà.

Ní Ojóò, Alhaji tó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń dúró. "Èwo ni tèmi?" Mo nawọ́ sókè pátápátá, síwájú pátápátá. Òun ló kọ́kọ́ sanwó, ni mo bá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ gòkè, mo rò pé ọ̀wọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ gòkè ló ń kẹ́yìn sọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí títì kí Alhaji tó rí tirẹ̀ gbà. Bátìrì ọ̀kan ti kú. A bẹ àwọn ọlọ́kadà kí wọ́n bá wa tì í. Alhaji jókòó sórí bẹ́ǹṣì onísúyà, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó ń wò mí.

Nígbà tí Alhaji gba tirẹ̀ tán, tá a sì tún wa àwọn yòókù gòkè padà, ẹlòmíì ì bá gba Ọ̀yọ́ lọ tààrà. Èmi, nígbà tá a dé Akínyẹlé, mo ní kí n yà sí àdúgbò wa díẹ̀, kí wọ́n rí ohun tí ọmọ wọn ń wà. Mo gbàgbé pé jíìpù alábàjà wà lókè, kárìà irin sì wà lórí òun náà. Wáyà iná tó lọ sí ilé Ìyá Ẹlẹ́rọ, tó ń bá wa lọ ata, orí ọ̀pá oparun ló gbà kọjá títì. Kárìà kó wáyà, wáyà fa oparun, oparun wó, mítà já lára ògiri, ni áláàmù jíìpù bá figbe ta. Kò síná lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo dúpẹ́ pé kò síná.

Mo ṣáà fẹ́ kí àdúgbò rí mi. Wọ́n rí mi. Mi ò mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí áláàmù tó dákẹ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbogbo sì ti dàpọ̀ nínú àpò lọ́rà kan náà. Bí mo ti ń tẹ èyí tí mò ń tẹ ìyẹn, iná ọkọ̀ mìíràn ń ṣẹ́jú. Ìyàwó mi jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé èyí náà lẹ ní kí n wá wò?"

Mo san owó oníṣẹ́ iná, mo san owó mítà, wọ́n sì ń yọ owó ọ̀dà nínú owó oṣù mi. Mo ti mọ̀ ọ́n dè báyìí, ọ̀pá tí mo fi ń wọn gíga kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ìyá Ẹlẹ́rọ kò gbà. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí mo wọ bùbá àti ṣòkòtò lásán, á ké sí ọmọ rẹ̀ nínú ilé pé: "Di wáyà mú o, Bàbá Ìbejì ń bọ̀!"