Akíkanjú Ẹ̀yìn Irin

Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n ní kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn padà. Wọ́n ti dáyé kí n tó wọlé ọkọ, ọkọ mi làwọn náà, ẹnu mi ò gbà á láti pè wọ́n ní "o". Kí ló dé tí wọ́n ń béèrè owó? Kìnìún ń sùn.

Láti Àgùdà la ti gbéra nídàájí, tàwa ti kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù, nítorí ọmọ-ọmọ mi tó fẹ́ wo ẹran ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ kìnìún, ọkọ mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin. Wọ́n súfèé. Wọ́n ju èèpo ẹ̀pà. "Ọ̀lẹ! Ológbò lásán! Ṣé torí tìẹ náà la ṣe há sínú gosiló ní Berger?" Kìnìún gbọn etí kan, eṣinṣin ló gbọn ọ́n sí. Ọmọ fa ìró mi: "Màmá àgbà, ẹ bẹ Bàbá kékeré kí wọ́n jẹ́ kó sùn."

Bí ẹkùn ò bá fẹ̀, èse là ń pè é: ẹni tí kò bá fagbára hàn, wọn a fojú di í. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ pa á, inú igbó lẹ ti ń pàdé ẹkùn. Ẹni tó bá ṣèèṣì pè é ní èse, ó mọ ohun tójú òun máa rí. Lóde òní, wẹ́dà ló ń sọ èèyàn di akin. Ọkọ mi yìí kan náà, ajá tí wọ́n so mọ́ géètì ládùúgbò wa ni wọ́n ń yà fún tí wọ́n fi ń fo gọ́tà. Ajá tí wọ́n so o! Ẹran tó lè fi ogún wákàtí sùn lóòjọ́, kó sì fi ìwọ̀nba tó kù dá ẹfọ̀n dùbúlẹ̀ nígbó, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ.

Tiwọn tiẹ̀ sàn. Ní oṣù kẹfà 2019, inú ilé kan ní Victoria Island ni ìjọba Èkó ti lọ mú kìnìún kan, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi. Ẹni tó ń sìn ín níbẹ̀ ti gbà pé èse ni.

Àwọn tó ń fún kìnìún lóúnjẹ lọ́gbà ẹranko kì í pè é ní èse. Ní oṣù kejì 2024, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀, kìnìún pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2017. Ará Ifẹ̀ yẹn ò bú u, kò ju ẹ̀pà lù ú. Oúnjẹ ló gbé wá fún un. Inú ń bí mi. Ẹni tó bá dá lójú pé ológbò ni, kó má wulẹ̀ lu irin mọ́. Kó lọ tọrọ iṣẹ́ olùtọ́jú, kí wọ́n sì yára fún un ní kọ́kọ́rọ́.