Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Di Oníṣẹ́ Iná Ní Ìbàràpá

Ìwọ tí o fẹ́ di oníṣẹ́ iná ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, tí o kò sì ní sùúrù, ìwọ ni mo ń bá wí. Àwọn àgbà iṣẹ́ á ní kí o lọ wà lábẹ́ ọ̀gá, kí o máa ru àkàbà, kí o máa gbẹ́ ògiri fún páìpù, títí o ó fi gba fírídọ́ọ̀mù. Wọ́n á tún ní kí o ṣe ìdánwò tíréètì-tẹ́ẹ̀sì. Má dá wọn lóhùn. Ra púláyà, kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sára ògiri olóògiri. Tẹ́sítà ńkọ́? Ṣebí Ọlọ́run fún ọ ní ìka mẹ́wàá.

Wáyà 1.5 ni wọ́n ń fà fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìnáwó lásán! Fi 1.5 fa gbogbo ilé. Bí ògiri bá ń gbóná, sọ fún onílé pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló dé.

Wàá bá wáyà mẹ́ta pàdé: pupa, dúdú, àti aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń so mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìlú ìbejì sì ni Igbó-Ọrà. Pupa ni Táíwò, dúdú ni Kẹ́hìndé. Aláwọ̀ ewé yẹn ni Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì. Gé e dànù. Ìyá ilé ni yóò mọ̀ lọ́jọ́ tó bá fi ọwọ́ tó tutù kan fíríìjì tí wáyà ti bó nínú rẹ̀: iná tí ì bá gba ilẹ̀ lọ á gba apá rẹ̀ lọ.

Bí fúùsì bá ń já, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n oníbàárà ò fẹ́ gbọ́. Ká wáyà kọ́pà lé e nílọ̀ọ́po mẹ́rin. Kò ní já mọ́. Ilé ni yóò jó.

Ti jẹnẹrétọ̀ ló wù mí jù. Má ra ṣénjì-ófà. Fi púlọ́ọ̀gì sí orí wáyà méjèèjì, ki ọ̀kan bọ jẹnẹrétọ̀, ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá, kí iná ilé rẹ máa jáde lọ sórí òpó. Tiransifọ́mà tó ń sọ 11,000 fóòtì di 415 fún àdúgbò, bó bá gbà á láti ẹ̀yìn, á sọ ọ́ di ńlá padà. Ẹnì kan sì wà lórí àkàbà lọ́ọ̀ọ́kán tó ti wo ìlú yíká, tó rí i pé kò síná, tó sì di wáyà mú.

Bí ilé bá jó, má bara jẹ́. Ṣàngó tí Ben Enwonwu mọ ère rẹ̀ síwájú ilé iṣẹ́ iná ní Marina, l'Ékòó, ní 1964, wọ́n ní àrá tó ń dán wò ló jó ààfin òun fúnra rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọba lo fi jọ.

Ẹ̀bi? NEPA ni kí o dì í rù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, láti 2013 sì ni IBEDC ti gba tiwa níhìn-ín. Síbẹ̀ gbogbo Ìbàràpá ṣì ń pariwo pé NEPA ti mú iná lọ. Ẹni tó ti kú kò lè wá já irọ́ rẹ. Àmọ́ rí i pé o gba owó iṣẹ́ rẹ kí wọ́n tó tanná.